Rán An Lọ, Rán An Bọ̀

Ọ̀sán gangan ni Onísọ́ọ̀kì máa ń wá, ní wákàtí tí òjìji èèyàn bá sá wọ abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, tí ajá pàápàá kì í gbó. A kì í gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀. Bàtà ló máa ń wà lẹ́sẹ̀ ọ̀tún, sọ́ọ̀kì dúdú tó nípọn ló máa ń wà ní tòsì, á fà á dé orúnkún, ìgbà òjò, ìgbà ẹ̀rùn. Èèyàn á kàn gbójú sókè ni, á rí i lẹ́nu ọ̀nà, àfi bí ẹni pé ògiri ló bí i síbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Káfíńtà ni. Ọbàkan ni wọ́n, bàbá kan náà, ìyá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ìyàwó Káfíńtà, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Aránṣọ, ló sọ ọ́ ní Onísọ́ọ̀kì nínú ọkàn rẹ̀ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọlé ọkọ. Lójúkojú, "Àǹtí" ló ń pè é. Egbò ló wà lábẹ́ sọ́ọ̀kì náà, egbò tó ti pẹ́ ju ìgbéyàwó wọn lọ, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń dárúkọ rẹ̀ mọ́ nínú ẹbí láti ìgbà tó ti kọ̀ láti lọ sí ọsibítù. Wọ́n kàn máa ń ṣí fèrèsé ni tó bá ti jókòó.

Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, Aránṣọ ń bá ọkọ rẹ̀ jà lórí ibùsùn. Òpó ló ń pè é, torí ó ga, ó sì dúró ṣánṣán kí àìsàn tó tẹ̀ ẹ́ ba.

"Òpó mi, dìde. Nọ́ọ̀sì ní kó o rìn dé ojú fèrèsé."

"Òpó kì í rìn. Ìwọ náà, o ti rí òpó tó rìn rí?"

"Eléyìí máa rìn. Di èjìká mi mú."

"Bí òpó bá rìn, òrùlé á wó lé ìyàwó ilé lórí o."

Ẹ̀rín fẹ́ gba Káfíńtà lẹ́nu. Ó yára gbé ìrọ̀rí lé ikùn, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ra, ó sì di ojú. "Má pa mí lẹ́rìn-ín," ló wí. "Okùn á já."

"Ta ló pa ọ́ lẹ́rìn-ín? Ìwọ lo ń pa ara ẹ."

Ìfun Káfíńtà ló lọ́ mọ́ra wọn. Wọ́n là á ní ọsibítù, wọ́n tún un ṣe, wọ́n rán an padà, láti ìsàlẹ̀ àyà títí kọjá ìdodo. Lọ́jọ́ tí wọ́n ní kí wọ́n máa lọ sílé, dókítà fa Aránṣọ sẹ́yìn ìlẹ̀kùn. Ó ní, "Ìlà yìí ò gbọdọ̀ ṣí. Ẹran ibẹ̀ ti fẹ́lẹ́. Tó bá ṣí, kò sí ibi tí abẹ́rẹ́ tún máa rí dì mú." Aránṣọ ni ẹni tí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún, ó sì yé e ju bó ṣe lè yé ẹlòmíì lọ. Ó ti rí aṣọ tó gbó tó bẹ́ẹ̀ rí.

Nítorí náà, ó gbé iṣẹ́ oníbàárà tì. Ó ń fi tówẹ́ẹ̀lì olómi gbígbóná nù ún lára, á yí ojú egbò po bí ẹni ń nu etí àwo tó ti sán. Ó ń yí i sí ẹ̀gbẹ́ kan, sí èkejì. Ó rán ẹ̀wù funfun gbàgẹ̀rẹ̀ kan fún un, èyí tó ṣí níwájú láti òkè délẹ̀, tó ń fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ so, kí nọ́ọ̀sì lè tọ́jú egbò láìbọ́ aṣọ. Ẹ̀wù yẹn dára. Káfíńtà ní tí òun bá kú, kí wọ́n má fi sin òun, kí ìyàwó òun tà á.

"Ṣé ẹnì kankan ò sí nílé ni?"

Onísọ́ọ̀kì ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Aránṣọ ò mọ ìgbà tó dé.

"Ẹ káàsán o, Àǹtí. Ẹ jọ̀ọ́, a ò gbọ́ yín." Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀, ó sì pa ohùn dà, torí níwájú ẹbí, "ẹ" ni. "Ẹ jókòó díẹ̀ kẹ́ ẹ kí Àǹtí."

Onísọ́ọ̀kì ò wo ojú àbúrò rẹ̀. Ikùn rẹ̀ ló ń wò, ó ń wo ibi tí báńdéèjì parí sí, bí ẹni tó wá yẹ ilé tó fẹ́ gbà wò. Lẹ́yìn náà ló nawọ́ sí ẹ̀wù tó wà lórí àga. "Ìyàwó, gbé èyí fún mi kí n lọ bá ọ fọ̀ ọ́. Ojú ẹ ti wọnú."

"Háà, Àǹtí, ẹ má ṣe wàhálà. Màá fọ̀ ọ́."

"Ṣé ìwọ nìkan lo bí i ni?"

Aránṣọ gbé ẹ̀wù fún un.

*

Ṣùgbọ́n kí Onísọ́ọ̀kì tó wá gba ẹ̀wù, ó ti kọ́kọ́ lọ síbì kan.

Ẹ̀yìn ibi tí wọ́n ti ń tún táyà ṣe ni. Èèyàn á kọjá láàárín àwọn táyà ògbólógbòó, á tẹ orí ba, á wọ yàrá kan tí ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ ewé, torí ìgò ló kún ojú fèrèsé láti òkè délẹ̀. Ìyá Onígò ni wọ́n ń pe obìnrin tó ń gbébẹ̀. Ìgò ló ń tà fún ẹni tó bá fẹ́ ra ìgò. Ẹni tó bá fẹ́ nǹkan míì mọ bó ṣe ń béèrè.

"Bọ́ ọ," ni Ìyá Onígò wí.

Onísọ́ọ̀kì bọ́ sọ́ọ̀kì. Ìyá Onígò wo egbò náà pẹ́, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, kò sì yí imú.

"Wọ́n ti parọ́ fún ọ pé yóò san," ló wí. "Egbò kì í kú. Ilé ló máa ń pààrọ̀. Tìẹ yìí, ibi tó wà ti sú u. Wá ilé tuntun fún un."

"Ilé wo, ìyá mi?"

"Ẹran ara tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Kó jẹ́ ẹni tí ẹ jọ ní ẹ̀jẹ̀ kan."

Níta, wọ́n ń lu irin táyà, gbàà, gbàà, gbàà.

"Àbúrò mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọsibítù dé."

"Mo mọ̀. Ṣé nǹkan míì ló gbé ọ wá ni?" Ìyá Onígò mú ìdì òwú dúdú kan nínú ìgò. "Fà á gba inú egbò ẹ kọjá. Fi rán etí aṣọ tí àbúrò ẹ ń wọ̀. Máa sọ bí o ṣe ń rán an, pé o rán an. Kì í ṣe aṣọ lò ń rán, egbò ni. Ṣé ó láya?"

"Ó láya."

"Iṣẹ́ wo ni aya rẹ̀ ń ṣe?"

"Aránṣọ ni."

Ìgbà yẹn ni Ìyá Onígò rẹ́rìn-ín, kò sì ní eyín tó pọ̀ lẹ́nu. "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Aránṣọ ò lè rí ìrán burúkú kó má tú u. Jẹ́ kó wọ́ dáadáa. Ọjọ́ tó bá gbé abẹ sí i, òun fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn yẹn."

*

Ẹ̀wù padà dé lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó mọ́, wọ́n ti lọ̀ ọ́, wọ́n sì ká a dáadáa. Òórùn ọṣẹ ló ń run. Lábẹ́ òórùn ọṣẹ, òórùn míì wà níbẹ̀ tí Aránṣọ ò rí orúkọ fún.

Ó wọ̀ ọ́ fún ọkọ rẹ̀.

Láti ìgbà náà ni nǹkan ti yí. Káfíńtà tó ti ń rìn dé ojú fèrèsé bẹ̀rẹ̀ sí í tiro. Ẹsẹ̀ òsì ló ń tiro lé, bẹ́ẹ̀ ikùn ni wọ́n là. Á jókòó, á máa họ ojúgun òsì, níbi tí kò sí kókó, tí kò sí ìdọ̀tí.

"Kí ló wà níbẹ̀?"

"Kò sí nǹkan. Ó kàn ń hún mi. Ó ń hún mi nínú egungun."

Abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ Aránṣọ ṣẹ́ lórí aṣọ tí kò nípọn rárá. Ó fi òmíràn sí i, ìyẹn náà ṣẹ́. Sísọ́ọ̀sì tó gbé sórí tábìlì já bọ́, ó sì gúnlẹ̀ ní òòró, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, ó kọjú sí yàrá.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì tó máa ń wá tọ́jú egbò nílé dé, ó ṣí báńdéèjì, ojú rẹ̀ sì yí padà. Obìnrin gbọ̀ngbọ̀nràn ni, kì í fi ọ̀rọ̀ pamọ́ sábẹ́ ahọ́n.

"Lánàá, ibí yìí gbẹ. Kí lẹ fi sí i?"

"A ò fi nǹkan kan sí i, Nọ́ọ̀sì."

"Ó ń sunmi. Etí rẹ̀ ń ṣú." Ó gbóòórùn. "Òórùn egbò àtijọ́ ló wà lára egbò tuntun. Mi ò rí irú ẹ̀ rí." Ó fọ̀ ọ́, ó gún un ní abẹ́rẹ́, ó yí oògùn rẹ̀ padà. Nígbà tó ń lọ, ó ní, "Tí mo bá dé lọ́la tí kò yí padà, a máa gbé e lọ. Ẹ má bi mí ohun tí wọ́n máa ṣe fún un tó bá débẹ̀."

Òórùn egbò àtijọ́. Aránṣọ dúró lójú kan lẹ́yìn tí ìlẹ̀kùn pa dé. Ó mọ òórùn yẹn. Òun náà ló ń mú kí wọ́n ṣí fèrèsé.

Ó bọ́ ẹ̀wù lára ọkọ rẹ̀, ó gbé e wá síwájú ẹ̀rọ ní pálọ̀, ó tẹ́ ẹ sábẹ́ ìmọ́lẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ń rìn létí ẹ̀wù lọ bí afọ́jú tó ń wá ẹnu ọ̀nà. Ó dúró. Etí ìsàlẹ̀ apá òsì kì í ṣe tirẹ̀. Òwú funfun lòun fi rán an, òwú dúdú ló wà níbẹ̀ báyìí, ìrán ọwọ́, ó rí wọ́gọwọ̀gọ bí eyín àgbà.

Èèyàn kan ti wọnú iṣẹ́ òun, ó fọwọ́ kàn án.

Kò ronú. Ẹni tó bá ti jókòó sídìí ẹ̀rọ láti kékeré kì í ronú lórí irú èyí. Bí ó ṣe rí ìrán tó wọ́ ni ọwọ́ rẹ̀ ti mú abẹ. Ó ki ẹnu abẹ bọ abẹ́ òwú dúdú náà. Ó gé ojú kan.

Nínú yàrá, Káfíńtà kérora.

Ó gé ojú kejì.

"Aránṣọ!" Kì í pè é bẹ́ẹ̀. "Aránṣọ, kí lò ń ṣe fún mi?"

Ó sáré wọlé. Báńdéèjì ti pọ́n. Ẹ̀jẹ̀ hàn ní ojú méjì, lókè ìdodo, wọ́n tò tẹ̀ lé ara wọn, wọn ò sì tóbi ju ojú ìrán lọ.

Abẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

*

Ní òdìkejì ìlú, Onísọ́ọ̀kì jókòó létí ibùsùn rẹ̀, ó bọ́ sọ́ọ̀kì, ó sì gbé ẹsẹ̀ sínú oòrùn tó gba ojú fèrèsé wọlé.

Ojú egbò ti gbẹ. Ní etí rẹ̀, awọ tuntun ń yọ, ó rọ̀, ó ń dán bí awọ ọmọ ìkókó.

Ó tọ́ ọ wò. Kò dùn ún. Ó nawọ́ sábẹ́ ibùsùn, ó fa páálí bàtà kan jáde, bàtà onígìgísẹ̀ tó ti rà nígbà tó ṣì ń rò pé yóò san láìpẹ́. Ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan ló ti wọ̀ rí. Ó ki ẹsẹ̀ òsì bọ tòsì. Ó dìde. Ó rìn dé ara ògiri, ó rìn padà, ó ń gbọ́ kò-kò-kò ẹsẹ̀ méjèèjì nílẹ̀, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Ó lágbára," ló ń wí fún ògiri. "Ọkùnrin ni. Ó láya tó ń tọ́jú ẹ̀. Èmi, ta ló ń wẹ tèmi?"

Ó tún rìn lọ, ó tún rìn bọ̀.

*

Aránṣọ bẹ nọ́ọ̀sì pé kó padà wá jókòó ti ọkọ òun díẹ̀. Ó di ẹ̀wù náà sínú báàgì, ó lọ bá Ọ̀gá.

Ọ̀gá ló kọ́ ọ níṣẹ́. Ojú rẹ̀ ti lọ báyìí, ṣùgbọ́n kò tíì kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù. Ó máa ń jókòó sáàárín àwọn ẹ̀rọ tí kò lè lò mọ́, bí ọba tí ìjòyè rẹ̀ ti sùn.

"Ta nìyẹn? Má sọ fún mi. Ìwọ tó o máa ń fi ẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ tí ìdààmú bá bá ọ."

"Èmi ni, Ọ̀gá. Ẹ kúulé o."

"Ọkọ ẹ ńkọ́?"

Aránṣọ gbé ẹ̀wù lé ìyá náà lẹ́sẹ̀. Ìka Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ó rìn lójú ìrán funfun, ó mi orí, ó ní, "Tìẹ nìyí." Ó dé etí òsì. Ó fa ọwọ́ yọ kíá bí ẹni tó fọwọ́ kan irin gbígbóná.

"O ti gbé abẹ sí i."

"Ojú méjì péré ni, Ọ̀gá."

"Ṣé ó kígbe?"

"Ó kígbe."

Ọ̀gá nu ọwọ́ mọ́ ara aṣọ rẹ̀. "Àwọn kan wà tó mọ iṣẹ́ wa láìkọ́ṣẹ́. Wọ́n mọ̀ pé bí a ṣe ń rán aṣọ, bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń rán ibi. Ẹni tó rán eléyìí, ó rán nǹkan sí ọkọ ẹ. Ó wá so ó mọ́ ojú ibi tí dókítà rán. Tó o bá tú ọ̀kan, o tú èkejì nìyẹn."

"Kí n jó o níná?"

"Tó o bá jó o, kí lo rò pé ó máa jó?"

"Kí n gbé e dà sódò?"

"Kí omi máa wọlé sí i níkùn."

Aránṣọ kúnlẹ̀ sílẹ̀. Ẹkún ló kọ́kọ́ wá, ó gbé e mì. Ohun tó wá tẹ̀ lé ẹkún gbóná jù ú lọ. "Ọ̀gá, mi ò ní gbà. Mo ti gbé e dé fèrèsé. Èmi ni mo gbé e débẹ̀, ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ kan. Mi ò ní jẹ́ kí ẹnì kankan jókòó sílé ẹ̀ kó máa tú ọkọ mi bí aṣọ àlòkù."

"Ìyẹn dáa," ni Ọ̀gá wí. "Ìbínú yẹn dáa. Má jẹ́ kó tutù." Ó tún mú etí ẹ̀wù náà, pẹ̀lú ìgboyà lọ́tẹ̀ yìí, ó tọ òwú dúdú lọ títí dé ìpẹ̀kun rẹ̀. Ó dúró. Ó tún fọwọ́ bà á. Ẹ̀rín kékeré yọ létí ẹnu rẹ̀. "Gbọ́. Ọjọ́ tó o kọ́kọ́ jókòó sídìí ẹ̀rọ nínú ṣọ́ọ̀bù yìí, mo lù ọ́ lọ́wọ́. Kí nìdí?"

"Mo rán ìlà dé òpin, mo sì gé òwú."

"Kí ni mo ní kó o máa ṣe?"

"Ẹ ní tí n bá rán an lọ…"

Ẹ̀rọ kan ń dún nínú ṣọ́ọ̀bù kejì, ó ń lọ, ó ń dúró, ó ń lọ.

"Máa lọ sílé," ni Ọ̀gá wí. "Má tú ohunkóhun."

*

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Aránṣọ ṣí ìlẹ̀kùn iwájú gbayawu. Ó yí ẹ̀rọ padà kó kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Ó ká aṣọ ìkélé yàrá sókè kí Káfíńtà lè máa rí òun láti orí ibùsùn. Ara Káfíńtà gbóná, ètè rẹ̀ gbẹ, ó sì ń họ ojúgun òsì lójú oorun.

Ó tẹ́ ẹ̀wù sábẹ́ abẹ́rẹ́, apá ibi tí òwú dúdú wà. Ó jókòó. Ó ń retí.

Òjìji sá wọ abẹ́ ẹsẹ̀ ohun gbogbo. Ó gbójú sókè, Onísọ́ọ̀kì sì ti wà níbẹ̀.

"Ẹ káàsán, Àǹtí. Ẹ wọlé. Ẹ̀yin ni mò ń retí."

Kò kúnlẹ̀. Onísọ́ọ̀kì rí i pé kò kúnlẹ̀. Ojú rẹ̀ lọ síbi ẹ̀wù, ó lọ sọ́dọ̀ abẹ tó wà lórí tábìlì, ó sì rọ̀ díẹ̀. "O rí i pé etí ẹ̀ wọ́, àbí? Ó já nígbà tí mò ń fọ̀ ọ́, mo wá so ó pọ̀. Èmi ò mọ iṣẹ́ yín. Tú u, kó o tún un rán."

"Àǹtí, kí ló dé tẹ́ ẹ fẹ́ kí n tú u?"

"Mo ní ó wọ́."

"Ó wọ́ lóòótọ́." Aránṣọ mú abẹ, ó gbé e sókè kó hàn, ó sì jù ú gba ojú fèrèsé jáde. "Ẹ ti gbàgbé nǹkan kan. Ẹ ò dí ẹnu òwú. Ẹni tí ò kọ́ṣẹ́ ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀: á rán an lọ, kò ní rán an bọ̀."

Ó gbé ẹsẹ̀ lé pẹ́dàlì.

Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ òwú dúdú náà, ó ń fi òwú funfun tẹ òwú dúdú mọ́lẹ̀, ó kọjá lórí ojú méjì tó ti gé, ó ń lọ dé ìpẹ̀kun. Káfíńtà la ojú. Nígbà tí abẹ́rẹ́ dé òpin, Aránṣọ tẹ irin kékeré tó máa ń dá ẹ̀rọ padà sẹ́yìn. Ẹ̀rọ ṣe hìn-ín, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rán bọ̀.

"Kí lò ń ṣe yẹn?" ni Onísọ́ọ̀kì wí.

"Mò ń parí iṣẹ́ yín."

"Dúró."

"Mi ò mọ ọfọ̀, Àǹtí. Iṣẹ́ mi nìkan ni mo mọ̀." Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ń jáde lẹ́nu rẹ̀ bí ẹ̀rọ ṣe ń dún, kò sì wá a kó tó dé:

"Ìránṣẹ́ kì í lọ kó má bọ̀.
Tó bá jíṣẹ́ tán, á padà sọ́dọ̀ ẹni tó rán an.
Wọ́n rán ọ dé ibí, o ò bá onílé;
onílé ti rìn dé fèrèsé.
Ọ̀nà tó o gbà wá kò tíì hu koríko.
Wọ́n rán ọ lọ, èmi rán ọ bọ̀.
Wọ́n rán ọ lọ, èmi rán ọ bọ̀."

Onísọ́ọ̀kì ju ara rẹ̀ síwájú láti já ẹ̀wù gbà. Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó fẹ́ gbé tòsì, tòsì ò sì tẹ̀ lé e. Ó di etí tábìlì mú. Nǹkan kan ń gbóná lábẹ́ sọ́ọ̀kì náà, ó ń rákò gun òkè láti ọrùn ẹsẹ̀. Aṣọ dúdú náà ṣú sí i, ó tutù, ó sì lẹ̀ mọ́ ọn lára. Òórùn tí gbogbo ẹbí mọ̀ gba pálọ̀.

Abẹ́rẹ́ padà dé ìbẹ̀rẹ̀. Aránṣọ gé òwú. Lórí ibùsùn, ọwọ́ Káfíńtà tó ń họ ojúgun dúró.

"Ìyàwó." Ohùn Onísọ́ọ̀kì ti di ti ọmọdé. "Ìyàwó, jọ̀ọ́. Ó ti ń san. Mo ti wọ bàtà. O ò mọ̀, mo ti wọ bàtà. Tú u."

"Èmi ò tú ohun tí mo bá ti rán."

"Ọdún mélòó ni mo ti ń gbé e kiri. Ìwọ mọ̀ bó ṣe rí kí wọ́n máa ṣí fèrèsé nítorí ẹ?"

Ìyẹn wọ Aránṣọ lára, torí ọwọ́ òun náà wà lára ọwọ́ tó ń ṣí i. Ó dìde, ó sì dúró sáàárín Onísọ́ọ̀kì àti ẹnu ọ̀nà yàrá. "Àǹtí, ọdún mélòó ni wọ́n fi bẹ̀ yín kẹ́ ẹ lọ sí ọsibítù? Ẹ ní ẹ̀rù ọ̀bẹ ń bà yín. Ẹ̀rù ọ̀bẹ ń bà yín, ẹ wá fẹ́ kí wọ́n fi ọ̀bẹ kan ọmọ bàbá yín lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ gbé egbò yín lọ síbi tí wọ́n ti ń wo egbò. Tí ẹ bá lọ, èmi fúnra mi máa bá yín gbé àpò. Tí ẹ ò bá lọ, ẹ̀rọ mi ń bẹ níbí. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá rán wá, màá rán an bọ̀. Òwú ò wọ́n mi."

Láti inú yàrá, ohùn kan tó há sọ̀rọ̀. "Àǹtí."

Àwọn méjèèjì yíjú.

"Ẹsẹ̀ mi ò hún mi mọ́," ni Káfíńtà wí. "Ṣé tiyín ni mo ti ń bá yín họ látijọ́ yìí?"

Onísọ́ọ̀kì yí padà, ó jáde sínú oòrùn. Láti ìgbà tí Aránṣọ ti wọlé ọkọ, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí yóò gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀: ọ̀tún ń dún, òsì ń wọ́, ọ̀tún ń dún, òsì ń wọ́, títí ó fi yà ní kọ̀rọ̀.

*

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tí nọ́ọ̀sì dé, àpò ọsibítù ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún gbígbé Káfíńtà lọ. Ó ṣí báńdéèjì. Ó wò ó. Ó mú gíláàsì ojú rẹ̀, ó tún wò ó.

"Ó gbẹ."

"A dúpẹ́," ni Aránṣọ wí.

"Má dúpẹ́ níbẹ̀ yẹn. Kí lo fi sí i?"

"Oògùn tẹ́ ẹ yí padà fún wa náà ni. Mo sì wọ ẹ̀wù fún un."

Nọ́ọ̀sì wò ó bí ẹni wo ọmọ tó jẹ ṣúgà tó ní èèrà ni. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í di báńdéèjì tuntun. "Obìnrin kan wà lórí bẹ́ǹṣì níwájú ọsibítù wa bí mo ṣe ń jáde," ló ń wí bó ṣe ń di í. "Sọ́ọ̀kì ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló wọ̀. Ó ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n kò dìde. Nígbà tó gbọ́ ibi tí mò ń bọ̀, ó ní kí n bi ìyàwó ilé yìí bóyá ó ṣì máa bá òun gbé àpò."

Aránṣọ ń to oògùn sórí tábìlì. Ó to gbogbo rẹ̀ tán kó tó dáhùn.

"Ẹ sọ fún un pé mò ń bọ̀. Ẹ ní kó má mú abẹ́rẹ́ dání o."

Nọ́ọ̀sì ò lóye rẹ̀, kò sì béèrè. Ó mú sísọ́ọ̀sì, ó gé báńdéèjì, ó ń fa ẹ̀wù bo Káfíńtà. Ó ṣàkíyèsí nǹkan kan, ó sì tẹ̀ síwájú wò ó.

"Aránṣọ, ṣé ìwọ lo rán èyí? Wò ó bó ṣe rí jágajàga. Òwú dúdú lábẹ́, funfun lórí. Ìwọ tí gbogbo wa ń gbé aṣọ wá bá." Ó ti ki ẹnu sísọ́ọ̀sì bọ abẹ́ òwú. "Jẹ́ kí n bá ọ tú u, kó o tún un—"

"Ẹ má tú u!"

Àwọn méjèèjì ló sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Aránṣọ ti di ọwọ́ nọ́ọ̀sì mú. Sísọ́ọ̀sì dúró sínú afẹ́fẹ́ pẹ̀lú ẹnu tó là. Nọ́ọ̀sì ń wo ọkọ, ó ń wo ìyàwó.

"Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, Nọ́ọ̀sì," ni Káfíńtà wí, ojú rẹ̀ ò sì fi nǹkan kan hàn. "Ẹ bá wa pa á mọ́. Ìyàwó mi ò mọ aṣọ rán. Ojú ló ń tì wá."

Aránṣọ ranjú mọ́ ọn. Etí ẹ̀wù burúkú yẹn, kò ní lè tú u láéláé. Yóò máa fọ̀ ọ́, yóò máa sá a sójú ọ̀nà níbi tí àwọn oníbàárà rẹ̀ yóò ti máa rí i. Òpó rí i lójú rẹ̀ pé ó ń rò ó, nǹkan kan sì gbọ̀n nínú ikùn rẹ̀.

"Òpó, má ṣe bẹ́ẹ̀. Má rẹ́rìn-ín. Gbé ìrọ̀rí. Òpó!"

Ìrọ̀rí ti já bọ́ sílẹ̀. Ẹ̀rín ti gbé e. Ó fọwọ́ méjèèjì di ikùn mú, ó rẹ́rìn-ín títí ibùsùn fi ń ké, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ sì ń lù ú léjìká, òun náà ń rẹ́rìn-ín.

Okùn ò já.